Ìyá Kan Ṣoṣo Ni Ẹ̀rọ Náà Mọ̀

Ẹ má tiẹ̀ bi mí bóyá mo mọ Kelera. Bàbá rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ọmọ ẹ̀gbọ́n lọ́kùnrin àti ọmọ àbúrò rẹ̀ lóbìnrin lè fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ bínú. Èmi ń pè é ní ìyàwó mi. Òun ń pè mí ní Apisai ọ̀mùtí, nítorí pé báà ni wọ́n fi mí sí ní òtẹ́ẹ̀lì etí òkun tí àwa méjèèjì ti jọ ṣiṣẹ́ nítòsí Nadi, ní erékùṣù wa yìí. Bẹ́ẹ̀ ọtí kì í kan ẹnu mi o, àfi ti ọjọ́ Kérésì.

Ìdí oúnjẹ àárọ̀ ni Kelera wà ní tirẹ̀. Kí oòrùn tó yọ, ó ti wọ aṣọ olódòdó tí òtẹ́ẹ̀lì fún wa, ó ti fi òdòdó há etí, ó ń pariwo "Bula!", ìkíni wa, fún àwọn òyìnbó tí oorun ò tíì dá lójú wọn. Ó ń gbé ẹyin díndín, ó ń palẹ̀ àwo mọ́. Ẹ̀rín lẹ́nu, ẹsẹ̀ wíwú nínú bàtà, iṣẹ́ wa nìyẹn. Ẹni tí kò ṣe é rí ló máa sọ pé ẹ̀rín rírín kì í ṣe iṣẹ́.

Ìyá Unaisi ni ọ̀gá àwọn tó ń gbé oúnjẹ àárọ̀. Àbúrò ìyá tó bí Kelera ni. Ìyá tó bí i yẹn kú nígbà tí Kelera ṣì ń lọ sí iléèwé kékeré, Ìyá Unaisi ló sì tọ́ ọ dàgbà. Kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Àbúrò ìyá ẹni, ìyá ẹni ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni, ìyá ẹni ni. Ìyá Unaisi fúnra rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń jẹ́ Taraivini ló tọ́ ọ ní abúlé, nítorí pé ọmọ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ ìyá tó bí i. Ìyá méjì ló ní, ó sì ń pe àwọn méjèèjì ní ìyá láìfi ọ̀kan ṣe kékeré.

Nígbà tí àrùn kòrónà dé tí bàálù ò wá mọ́, òtẹ́ẹ̀lì ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Èmi padà sí oko bàbá mi. Kelera ní tirẹ̀ jókòó ti fóònù, ó ní òun ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run mí bí ẹni tó jẹ máńgòrò tí kò pọ́n.

"Ìyàwó mi," mo ní, "tébi bá dé, ṣé kọ̀ǹpútà la máa sè?"

"Orí ẹ ni màá kọ́kọ́ sè," ó dá mi lóhùn, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, á tètè jinná."

Òtẹ́ẹ̀lì tún ṣí, Kelera padà sídìí àwo, ṣùgbọ́n kò fi ìwé náà sílẹ̀. Nígbà tí àkókò kíláàsì bá bọ́ sí àkókò iṣẹ́, Ìyá Unaisi á gbé tábìlì tirẹ̀, á tún gbé ti Kelera mọ́ ọn, òun tí orúnkún ń dùn ún. Mo fojú ara mi rí i tó ń fi ẹsẹ̀ kan tiro láàárín àwọn òyìnbó, tíréè lórí àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀rín lẹ́nu. Tí Kelera bá ní "Màámi, ẹ jẹ́ n dúró lónìí," Ìyá Unaisi á ní, "Lọ kàwé. Àwo ò ní sá lọ." Ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ tèmi yìí, ìdí Ìyá Unaisi ló gbóná jù.

Ìgbà tí iléeṣẹ́ kan ní Suva, olú ìlú wa, gba Kelera sí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, gbogbo wa la jó. Ìyá Unaisi sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Má gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbé tíréè o. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà." Èmi náà ń fọ́nnu kiri báà: ìyàwó mi ti di ọ̀gá kọ̀ǹpútà, ẹ wá bá mi ra ọtí.

Báyìí lọ̀rọ̀ ṣe wá di ọ̀rọ̀.

Tẹ́lẹ̀ rí, téèyàn ẹni bá kú ní òtẹ́ẹ̀lì wa, ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Bisun lèèyàn ń lọ gba ààyè. Ọmọ Íńdíà ni, òun ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Wàá ní, "Ọ̀gá, màmá mi kú." Á bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìyá wo?" Wàá ní, "Èyí tó wà ní Nadroga." Á kọ ọ́ sílẹ̀, á ní kó o bá òun kí wọn nílé. Ó ti bá wa jẹ, ó ti bá wa mu, ó mọ̀ pé èèyàn lè sin ìyá lónìí kó tún sin ìyá lọ́túnla. Nígbà tí Ọ̀gá Bisun fẹ̀yìn tì, òtẹ́ẹ̀lì ní àwọn ò ní gba ẹlòmíràn sípò rẹ̀, ẹ̀rọ làwọn fẹ́. Olúkúlùkù á máa tẹ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sórí fóònù. Iléeṣẹ́ tí Kelera wà ní Suva ló sì gba iṣẹ́ náà.

Kelera ló sọ èyí tó kàn fún mi, ìyẹn lẹ́yìn tí omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ó ní àwọn wà ní ìpàdé, ọ̀gá àwọn, Craig, òyìnbó láti Brisbane, dúró nídìí pátákó. Ó kọ iye òbí tí òṣìṣẹ́ lè gba ààyè láti sin síbẹ̀: bàbá, ẹyọ kan, ìyá, ẹyọ kan. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀ béèrè pé bí ẹnì kan bá wá sọ pé ìyá òun kú lẹ́ẹ̀mejì ńkọ́?

"A jẹ́ pé irọ́ ló ń pa nìyẹn," Craig ní. "Ìyá mélòó lèèyàn ní?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

"Apisai, èmi náà rẹ́rìn-ín," Kelera ní. "Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ o. Mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ti dé ètè mi."

"Kí ló wá dì ẹ́ lẹ́nu?"

"Èmi nìkan ni mo gbé tíréè rí nínú wọn. Tí tíì bá yá ní mímu, ojú mi ni gbogbo wọn máa ń wò. Mo ní tí mo bá la ẹnu báyìí, wọ́n á ní ará oko ti tún dé."

Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Bí ẹnì kan bá ti sin ìyá, tó tún wá tọrọ ààyè láti sin ìyá, kí ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Bí kò bá wá sẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ̀rọ yọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n tún ní kó bá àwọn kọ lẹ́tà tí ẹ̀rọ á máa fi ránṣẹ́ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní òun ló mọ èdè àwọn òṣìṣẹ́ jù. Ó kọ ọ́, Craig sì yìn ín.

Ọmọ tí Ìyá Unaisi fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́! Ẹ wo ayé o.

Ẹ̀rọ dé, a gbà á. Kò pẹ́, ìyá tó bí Unaisi kú. Unaisi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ẹ̀rọ ní ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ lọ sin ìyá yín. Gbogbo wa yin ẹ̀rọ. Èmi, òmùgọ̀, mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó ní báà pé ìyàwó mi ló ṣe é. Ọdún yẹn ò tíì parí tí Ìyá Taraivini náà fi tẹ̀lé àbúrò rẹ̀. Unaisi tún tẹ̀ ẹ́ pé ìyá òun kú, ó ti fóònù bọ àpò, ó wọ bọ́ọ̀sì. Ta ni ìyá rẹ̀ máa kú tó máa dúró de èsì?

A bá wọn lọ sí abúlé, ní àfonífojì Sigatoka. Kelera wá láti Suva. Àwọn obìnrin wọ dúdú, wọ́n jókòó yí òkú ká lórí ẹní. Àwa ọkùnrin wà níta, à ń po yaqona, gbòǹgbò tí a máa ń lọ̀ mu, nínú ọpọ́n, à ń gbẹ́ kòtò iná tí a fi ń se oúnjẹ, à ń wa kókò. Ìyá Unaisi ló jókòó síbi orí ìyá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lára òkú náà títí wọ́n fi gbé e. Kelera wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń pe òkú ní ìyá ìyá mi, ó ń sunkún gidi.

Ọjọ́ kejì tí a sin òkú, Ìyá Unaisi fẹ́ bá Viliame ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọkọ ò lè wá, àtọ̀gbẹ ti mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Abúlé yẹn ò ní nẹ́tíwọ̀kì, àfi téèyàn bá gun òkè díẹ̀ lọ sábẹ́ igi máńgòrò kan. Kelera tẹ̀ lé e. Èmi ń gbé igi ìdáná bọ̀ látòkè, mo bá wọn níbẹ̀. Bí fóònù ṣe rí nẹ́tíwọ̀kì báyìí ló dún.

"Bá mi kà á," Ìyá Unaisi ní, ó na fóònù sí Kelera. "Mo gbàgbé gíláàsì mi sórí ẹní."

Kelera wo fóònù. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ṣe bí ojú ẹni tó tẹ ejò mọ́lẹ̀.

"Kà á ò," Ìyá Unaisi ní. "Ṣé Viliame ni? Ṣé ẹsẹ̀ yẹn ni?"

"Rárá, Màámi. Ó... nẹ́tíwọ̀kì ò dáa."

"Nẹ́tíwọ̀kì tó ń dún ni kò dáa?" mo ní. Mo ju igi sílẹ̀, mo já fóònù gbà. Èmi ò fura nígbà náà, mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Mo kà á sókè:

"Ẹ kú iṣẹ́, Unaisi. Àkọsílẹ̀ wa fi hàn pé ẹ ti sin ìyá yín. Ohun tí ẹ sọ fún wa lẹ́ẹ̀kejì yìí kì í ṣe òótọ́. Nítorí náà, a ti yọ orúkọ yín kúrò lára àwọn òṣìṣẹ́. A dúpẹ́ fún iṣẹ́ yín."

Inú bí mi débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú èébú. Mo ní, "Ta ni aláìnítìjú tó kọ irú ìranù yìí? Èèyàn ń ṣọ̀fọ̀, ẹ ń pè é ní òpùrọ́? Ta ni ìyá tó bí ẹni náà?"

Ìgbà tí mo wo Kelera ni mo tó rántí ta ló kọ ọ́. Mo fẹ́ kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀.

"Èmi ni," Kelera ní. "Màámi, èmi ni mo kọ ọ́."

Ìyá Unaisi gba fóònù lọ́wọ́ mi. Kò bú u, kò sunkún. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká padà. Àwọn èèyàn ń retí omi gbígbóná." Ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń tiro, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú òun lọ́wọ́. Viliame ò níṣẹ́, owó oúnjẹ àárọ̀ àwọn òyìnbó yẹn nìkan ni ilé wọn ń jẹ. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kelera dúró sábẹ́ máńgòrò, ó ń fi ọwọ́ nu ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó jẹ nǹkan kíkorò.

Ó padà sí Suva, ó wọlé tọ Craig lọ, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun mọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé, òun sì dákẹ́, òun tún rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ọkùnrin náà á pariwo. Craig kàn wò ó, ó ní, "Kí ló dé tó ò sọ fún mi?" Kelera ní ká ní ó gbá òun létí ni, òun ì bá sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Wọ́n tún ẹ̀rọ náà ṣe. Ní báyìí, tó o bá tẹ̀ ẹ́ pé ìyá rẹ kú, á bi ọ́ pé: ìyá wo? Gẹ́gẹ́ bíi Ọ̀gá Bisun. Àwa ní òtẹ́ẹ̀lì pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ti Ìyá Unaisi ti wà nílẹ̀. Máníjà ní àkọsílẹ̀ ti sọ pé obìnrin náà purọ́, òun ò lè pa á rẹ́, ohun tó kù ni kí Ìyá Unaisi gbà pé òun ò sọ òótọ́, kí àwọn sì dárí jì í, kó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Bí kò bá gbà, wọ́n á fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Kàkà kéwé àgbọn rọ̀, ńṣe ló ń le sí i. Kelera gbọ́ ọ, inú rẹ̀ dùn pé ọ̀nà yọ. Wọ́n ní kó kọ ọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́ náà sórí ẹ̀rọ, ó kọ ọ́.

Ó pè mí lórí fóònù. "Ọ̀mùtí, wá bá mi ṣe ẹnu."

Mo mọ ohun tó ń sọ. Ẹni tó ṣẹ ìyá rẹ̀ kì í fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ẹlòmíràn ló máa bá a gbé gbòǹgbò yaqona wọlé, tó máa bá a sọ ọ́. Mo lọ sí oko bàbá mi, mo wú èyí tó dàgbà jù, mo fọ̀ ọ́, mo sá a, mo fi ìwé ìròyìn dì í.

Ọ̀sán Sátidé la dé ilé wọn ní Nadi. Viliame wà lórí àga nídìí fèrèsé, Ìyá Unaisi wà lórí ẹní, ó ń to aṣọ. A ò kọjá ẹnu ọ̀nà. A kúnlẹ̀ síbẹ̀, a tẹrí ba. Mo pàtẹ́wọ́ bó ṣe yẹ, mo ti gbòǹgbò náà síwájú.

"Ìyá wa," mo ní, "gbòǹgbò kékeré rèé. Ọmọ yín ló ṣẹ̀ yín. Ó mọ òótọ́, ó dákẹ́. Ó fi ọwọ́ tí ẹ fi oúnjẹ bọ́ kọ ọ̀rọ̀ tó dójú tì yín. Kò ní ẹnu tó lè fi bẹ̀bẹ̀, ló ṣe yá tèmi. Ẹ dákun, ẹ ṣe bí ìyá."

Ó jẹ́ ká kúnlẹ̀. Eégún orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kelera ò gbójú sókè, omijé ń kán sórí ẹní. Nígbà tó pẹ́, Ìyá Unaisi na ọwọ́, ó fa gbòǹgbò náà sọ́dọ̀, ó pàtẹ́wọ́ lé e.

"Mo gbà á," ó ní. "Ó tán. Kí ẹnikẹ́ni má tún dá a sọ. Ẹ wọlé wá jókòó, ẹ ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́."

Àṣà wa nìyẹn: bí wọ́n bá ti gba yaqona, ọ̀rọ̀ ti wọlẹ̀. Ìyá Unaisi gbé tíì ewé ọsàn wá, pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ sísè. Ara tù mí. Mo ní, "Ìyàwó mi, nu ojú ẹ, o ti fi omijé bu iyọ̀ sí tíì mi." Viliame rẹ́rìn-ín. Kelera náà rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé a ti gúnlẹ̀.

Ló bá yọ fóònù.

Mo fi igbọ̀nwọ́ gún un. Ó ní, "Màámi, ayọ̀ ni mo mú wá. Wọ́n ní kẹ́ ẹ padà lọ́jọ́ Ajé. Tábìlì yín ṣì wà. Ẹ kàn máa tẹ ibí yìí ni, 'Mo gbà.'"

Viliame fọwọ́ ti àga, ó nà sókè. "Ọjọ́ Ajé? Olúwa, a dúpẹ́ o!"

Ìyá Unaisi wá gíláàsì rẹ̀, ó fi sójú. Ó kà á pẹ̀lú ètè, díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kà á sókè. "'Mo gbà pé ohun tí mo sọ kì í ṣe òótọ́. Taraivini kì í ṣe ìyá mi.'" Ó yọ gíláàsì. "Ta ló kọ eléyìí?"

Kelera gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo ní ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni, Màámi. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ lásán ni."

"Ọ̀rọ̀ lásán ló lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́."

"Ẹ dákun, Màámi. Ẹ kàn tẹ̀ ẹ́. Ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Ẹ ro ti Bàámi. Ẹ jẹ́ n rí i pé ẹ padà síbẹ̀. Mi ò lè sùn."

Ìyá Unaisi wo ọkọ rẹ̀. Viliame ń fi ọwọ́ pa itan rẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé e. Ó wá mi orí pé rárá, kó má tẹ̀ ẹ́.

"Kelera," Ìyá Unaisi ní, ohùn rẹ̀ ò le rárá. "Tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi kì í bá ṣe ìyá mi, kí ni èmi àbúrò ìyá rẹ jẹ́ sí ọ? Yaqona tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà yìí, gẹ́gẹ́ bí ìyá ni mo ṣe gbà á. Tí mo bá tẹ ibí yìí, ta ló gbà á?"

Kelera bo ojú. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì, èmi tí mo kàn yá èèyàn lẹ́nu lásán.

"Gbà," Ìyá Unaisi ní, ó ti fóònù padà sí i lọ́wọ́. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n tẹ̀. Bá mi tẹ èyí tó jẹ́ òótọ́."

Ohun méjì péré ló wà níbẹ̀: "Mo gbà" àti "N ò gbà." Kelera wo ìyá rẹ̀ bóyá á yí ọkàn padà, ìyá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í to aṣọ rẹ̀ padà. Ó tẹ "N ò gbà." Lójú ẹsẹ̀, fóònù dún.

"Kí ló sọ?" Ìyá Unaisi béèrè.

Kelera kà á. "Ó ní... a dúpẹ́ fún iṣẹ́ yín."

"Ó káre. Jẹ ẹ̀gẹ́ ẹ, ó ti ń tutù."

Kò tún dá a sọ. Ó bi Kelera bóyá òjò ń rọ̀ ní Suva, bóyá ó ń jẹun dáadáa. Ìgbà tá a fẹ́ máa lọ, ó di ẹ̀gẹ́ sínú ewé fún un, ó fà á mọ́ra, ó gbóòórùn ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré. Ìdáríjì gidi ni, kò fi nǹkan kan pamọ́ sínú. Ìyẹn gan-an ló pa Kelera.

Mo sìn ín dé ibùdókọ̀, a jókòó de bọ́ọ̀sì Suva, ìdì ẹ̀gẹ́ lórí itan rẹ̀.

"Ká ní ó bú mi ni," ó ní. "Ká ní ó lé mi jáde, ì bá sàn. Ó gbà á, Apisai. Mi ò lẹ́nu láti tún bẹ̀bẹ̀ mọ́, kò sí ibi tí mo fẹ́ gbé ẹ̀bi yìí sí."

Mo na ọrùn wo bóyá bọ́ọ̀sì ń bọ̀. Ó tún ní:

"Tọ́jọ́ bá dé tí Màámi bá kú, màá tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀rọ yẹn, iléeṣẹ́ wa náà ń lò ó. Á bi mí pé ìyá wo. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?"

Àárín wa ni, iṣẹ́ mi ni kí n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wá ẹ̀fẹ̀ tó máa mú un rẹ́rìn-ín, ẹnu mi sì sáré ju orí mi lọ.

"Sọ pé èyí tó o lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni."

Bó ṣe jáde lẹ́nu mi ni mo ti fẹ́ gbé e mì padà. Mo ní, "Kelera, dákun, mi ò ní in lọ́kàn." Mo ti sọ fún yín pé láàárín èmi àti ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bínú. Kò bínú. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹni tí wọ́n júwe ọ̀nà fún, ó ní, "O ṣé, Apisai," ó sì gbé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì.